Títún Ilé àti Etíkun Ṣe Lẹ́yìn Ìjì Òkun: Àpẹẹrẹ New Jersey

Ìjì òkun kì í ba ilé jẹ́ lọ́tọ̀ kí ó tún wá ba etíkun jẹ́ lọ́tọ̀. Iyanrìn tó wà níwájú ilé ni omi kọ́kọ́ máa ń gbé lọ, ẹ̀yìn ìyẹn ni ó ń kan ògiri. Ìdí nìyí tí àtúnṣe lẹ́yìn ìjì fi jẹ́ iṣẹ́ méjì tó gbọ́dọ̀ jọ rìn: iṣẹ́ ilé, tó wà lọ́wọ́ ẹbí tó ni ín, àti iṣẹ́ etíkun, tó wà lọ́wọ́ ìlú àti ìjọba. Ibi tí a ti lè rí iṣẹ́ méjèèjì kedere ni etíkun ìpínlẹ̀ New Jersey ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn ìjì Sandy ti ọdún 2012.

Ìjì náà àti ibi tí ó jà

Sandy gbéra nínú òkun Kàríbíánì ní ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá ọdún 2012. Ó kọ lu Jàmáíkà, ó rọ òjò lé Háítì lórí, ó la ìlà-oòrùn Kúbà àti Bàhámà kọjá, kí ó tó dorí kọ àríwá. Alẹ́ ọjọ́ 29 oṣù náà ni ó gúnlẹ̀ nítòsí ìlú Brigantine ní New Jersey. Atẹ́gùn rẹ̀ ń sáré nǹkan bíi máìlì 80 láàárín wákàtí kan nígbà náà, èyí kò sì le tó ti àwọn ìjì mìíràn tó ti jà ní Amẹ́ríkà. Fífẹ̀ rẹ̀ ni ó mú un yàtọ̀: ó fẹ̀ débi pé ọ̀nà jíjìn réré ni ó ti ń ti omi òkun bọ̀. Òṣùpá àrànmọ́jú ni ó sì wà lójú ọ̀run lọ́jọ́ náà, àsìkò tí òkun máa ń kún ju bó ṣe yẹ lọ. Omi tí ìjì ń tì wá gun orí omi tó ti kún tẹ́lẹ̀. Ní Battery, ní ìsàlẹ̀ Manhattan ní ìlú New York, omi ga tó ẹsẹ̀ bàtà 14 ju ibi tí ó máa ń wà nígbà tí òkun bá fà. Ilé tó tó 650,000 ni ìjì náà bà jẹ́ tàbí tí ó wó ní Amẹ́ríkà. Ìjọba New Jersey ka 346,000 ní ìpínlẹ̀ tirẹ̀ nìkan.

Bí ilẹ̀ etíkun New Jersey ṣe rí wà lára ohun tó jẹ́ kí ọṣẹ́ náà pọ̀. Láti Sandy Hook dé Cape May, etíkun náà gùn tó nǹkan bíi máìlì 130. Apá tó pọ̀ níbẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ iyanrìn tóóró, tí òkun Àtìláńtíìkì wà níwájú rẹ̀, tí ọ̀sà sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Láwọn ibì kan, ènìyàn lè fẹsẹ̀ rìn láti òkun dé ọ̀sà kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé. Orí ilẹ̀ tóóró yìí ni ọ̀pọ̀ ẹbí kọ́ ilé pákó kéékèèké sí láàárín ọ̀rúndún tó kọjá. Bàbá àgbà á ra ilẹ̀, á kọ́ ilé oníyàrá méjì, àwọn ọmọ àti ọmọ ọmọ á sì máa pàdé níbẹ̀ lọ́dọọdún ní àsìkò ooru, láti ìparí oṣù karùn-ún títí dé ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án. Àwọn mìíràn ń gbé níbẹ̀ yípo ọdún: àwọn tó ti fẹ̀yìn tì, àwọn apẹja, àwọn òṣìṣẹ́ ilé oúnjẹ àti hòtẹ́ẹ̀lì. Omi kò mọ ilé ìsinmi yàtọ̀ sí ilé ìgbé, àmọ́ ìyàtọ̀ yìí di ọ̀rọ̀ ńlá nígbà tí ó kan owó ìrànwọ́.

Ní Mantoloking, òkun la ilẹ̀ náà já ní ẹsẹ̀ afárá Herbert Street, ó sì pàdé ọ̀sà níbi tí títì àti ilé wà tẹ́lẹ̀. Ní Camp Osborn, ní ìlú Brick, iná sọ nínú ìjì náà, ó sì jó ọ̀pọ̀ ilé kéékèèké tó fara kan ara wọn. Ní Seaside Heights, èbúté ìṣeré já sómi, Jet Star tó wà lórí rẹ̀, irin gàgàrà tí wọ́n fi ń gbé ọmọdé àti àgbà sáré lókè, sì lọ dúró sáàárín ìgbì. Oṣù karùn-ún ọdún 2013 ni wọ́n tó wó o kúrò.

Ìpadàbọ̀ sílé

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìjì ni pé kí ẹnikẹ́ni má tíì wọlé. Gáàsì lè máa jò, wáyà iná lè wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, omi sì lè ti jẹ abẹ́ títì tán tí ojú rẹ̀ ṣì ń dán. Lẹ́yìn Sandy, àwọn ọlọ́pàá dí ẹnu afárá tó wọ ilẹ̀ tóóró náà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bọ́ọ̀sì ni wọ́n fi kó àwọn onílé wọ àwọn àdúgbò kan, wọ́n sì fún wọn láyè díẹ̀ láti mú ohun tí kò ṣeé fi sílẹ̀: ìwé ilé, oògùn, góòlù, fọ́tò. Àwọn aṣàyẹ̀wò ilé ló kọ́kọ́ máa ń yí ilé wò. Ní ìlú New York, ìwé aláwọ̀ ewé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn túmọ̀ sí pé ilé náà ṣeé wọ̀, èyí tó yẹ́lò túmọ̀ sí pé apá kan rẹ̀ ni wọ́n lè lò, pupa sì ni ti ilé tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wọ̀.

Bí wọ́n bá ti gba onílé láyè, fọ́tò ni iṣẹ́ tó kàn, kì í ṣe ìgbálẹ̀. Á ya ìta ilé, á ya yàrá kọ̀ọ̀kan láti igun kọ̀ọ̀kan, á ya ilà tí ẹrẹ̀ fà sára ògiri níbi tí omi ga dé, á sì gbé rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilà náà kí gíga rẹ̀ lè hàn. Á ya nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sẹ́yìn fíríìjì àti ẹ̀rọ ìfọṣọ. Á gé díẹ̀ lára kápẹ́ẹ̀tì àti aṣọ fèrèsé, á fi pamọ́ sínú ọ̀rá, nítorí òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ adójútòfò lè má dé kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó kọjá, ilé sì gbọ́dọ̀ ti ṣófo kí ó tó dé. Ohun tí kò bá sí lẹ́rìí rẹ̀, owó rẹ̀ ṣòroó gbà.

Ẹni tí yàrá abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ kún fómi kì í fa omi náà tán lọ́jọ́ kan. Ilẹ̀ ìta ti mu omi yó, ó ń ti ògiri láti òde. Omi inú ló ń bá a gbógun. Bí wọ́n bá fa ti inú tán lẹ́ẹ̀kan náà, ògiri lè wó sínú. FEMA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ pàjáwìrì, gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n máa fa nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ lójúmọ́.

Títú ilé àti gbígbẹ rẹ̀

Igi ni egungun ilé tó wọ́pọ̀ ní etíkun yìí. Páálí ẹfun ni wọ́n fi ń bo ògiri rẹ̀ nínú, wọ́n sì ń ki òwú adènà òtútù sáàárín. Igi lè gbẹ kó sì padà wúlò. Páálí àti òwú kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Páálí náà máa ń fa omi sókè bí òwú àtùpà ṣe ń fa epo, nítorí náà ibi tí omi dúró sí kọ́ ni ìbàjẹ́ dúró sí. Àwọn oníṣẹ́ máa ń gé e kọjá ilà omi tó ẹsẹ̀ bàtà kan, ó kéré tán. Bí omi bá ga dé àyà ènìyàn, wọn a tú gbogbo rẹ̀ dé àjà. Kápẹ́ẹ̀tì, bẹ́ẹ̀dì, àga onítìmùtìmù àti kọ́bọ́ọ̀dù páálí gbogbo ń bọ́ síwájú títì. Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn Sandy, òkìtì ohun ìní ga ju orí ènìyàn lọ níwájú ilé ní àdúgbò bí Ortley Beach.

Lẹ́yìn èyí ni fífọ̀. Omi ìjì kì í ṣe omi òkun lásán. Ìdọ̀tí ilé ìyàgbẹ́, epo ọkọ̀ àti kẹ́míkà inú gáráàjì ti dà pọ̀ mọ́ ọn. Ọṣẹ àti omi tí kò níyọ̀ ni wọ́n fi ń fọ igi, nítorí iyọ̀ tó bá kù sára rẹ̀ á máa fa ọ̀rinrin padà látinú afẹ́fẹ́. Ìbu, irú èyí tó máa ń hù lára búrẹ́dì tó ti pẹ́, lè bẹ̀rẹ̀ sí í hù láàárín wákàtí 24 sí 48, èémí rẹ̀ sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, pàápàá ti ọmọdé àti ti oníkọ́ fée. Ẹni tó ń fọ̀ ọ́ gbọ́dọ̀ bo imú àti ẹnu pẹ̀lú ìbòmú tó nípọn, kò sì gbọ́dọ̀ po bílíìṣì mọ́ amóníà, torí èéfín méjèèjì lè pani. Jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ jìnnà sílé tó ẹsẹ̀ bàtà 20, nítorí èéfín rẹ̀ kò ní òórùn tó lè ta ẹni tó ń sùn jí.

Gbígbẹ ló ń gba sùúrù jù. Ojú lè rí igi bíi pé ó ti gbẹ kí inú rẹ̀ ṣì tutù. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ní abẹ́rẹ́ méjì lẹ́nu. Wọ́n á gún un mọ́ igi, á sì sọ iye omi tó wà nínú rẹ̀. Bí nọ́ńbà náà kò bá tíì wálẹ̀ tó nǹkan bíi 15 nínú ọgọ́rùn-ún, kò yẹ kí wọ́n tíì bo ògiri. Ẹni tó bá kánjú bò ó nígbà òtútù nítorí kí ẹbí lè tètè wọlé, àsìkò ooru tó tẹ̀ lé e ni yóò tún un tú, nígbà tí òórùn ìbu bá ń jáde lẹ́yìn ọ̀dà tuntun.

Wáyà iná tí omi iyọ̀ bá wọ̀ kò ṣeé gbà gbọ́, kódà bí gílóòbù bá ń tàn. Iyọ̀ máa ń jẹ bàbà díẹ̀díẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án ọdún 2013, nígbà tó ku bí oṣù kan ààbọ̀ kí Sandy pé ọdún kan, iná sọ lábẹ́ ọ̀nà onípákó etí òkun ní Seaside Park. Ó jó àwọn ṣọ́ọ̀bù tó lé ní àádọ́ta, ó sì wọ Seaside Heights. Ìgbà tí àwọn panápaná fi ẹ̀rọ gé ọ̀nà pákó náà sí méjì kí iná má lè gbà á kọjá ni apá tó ká a. Ìwádìí fi hàn pé wáyà àtijọ́ tí omi Sandy ti bà jẹ́ lábẹ́ pákó ló fà á.

Nínú gbogbo ohun tó rẹ, fọ́tò ẹbí ni ọ̀pọ̀ ń sunkún lé lórí jù, ó sì wà lára ohun tó ṣeé gbà là. Bí àwọn fọ́tò bá gbẹ mọ́ ara wọn, wọn kò ní ṣeé ya mọ́. Wọ́n ń yọ ọ́ nínú álíbọ́ọ̀mù nígbà tí ó ṣì tutù, wọ́n ń rẹ̀ ẹ́ sínú omi tútù tó mọ́, láìfi ọwọ́ pa ojú rẹ̀, wọ́n sì ń tò ó kalẹ̀ sórí bébà tó ń fa omi, ojú rẹ̀ lókè. Bí ó bá pọ̀ ju ohun tí ọwọ́ lè ká lọ́jọ́ kan, inú fíríìsà ni wọ́n ń kó o sí. Yìnyín á dá ìbu dúró títí àyè á fi yọ.

Owó àtúnṣe

Ìwé ìdójútòfò ilé tó wọ́pọ̀ ní Amẹ́ríkà ń san owó ohun tí atẹ́gùn bá bà jẹ́. Kì í san ti ìkún omi. Ti ìkún omi, ètò ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1968 ló ń bójú tó o jù. Owó tó pọ̀ jù tí ètò náà lè san jẹ́ dọ́là 250,000 fún ilé àti dọ́là 100,000 fún ẹrù inú rẹ̀. Nítorí náà, ìbéèrè tó máa ń fa àríyànjiyàn ni pé ṣé atẹ́gùn ló kọ́kọ́ ṣí òrùlé ni, àbí omi ló kọ́kọ́ gbé ilé kúrò lórí ìpìlẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ ló ń sọ ilé-iṣẹ́ tí yóò san owó. Lẹ́yìn Sandy, ọ̀pọ̀ onílé ké gbàjarè pé wọ́n yí ìròyìn àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ padà kí owó wọn lè kéré, FEMA sì ṣí àyè sílẹ̀ ní ọdún 2015 fún àwọn onílé láti béèrè kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ wọn yẹ̀ wò.

Orúkọ tí wọ́n pe ìjì náà tún kan owó. Ọ̀pọ̀ ìwé ìdójútòfò sọ pé bí ó bá jẹ́ ìjì tó dé ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní hurricane ló ba ilé jẹ́, onílé fúnra rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ san ìdá kan nínú iye ilé náà. Sandy ti yí padà díẹ̀ kí ó tó gúnlẹ̀, iléeṣẹ́ ojú ọjọ́ kò sì ka a sí hurricane mọ́ ní wákàtí yẹn. Àwọn gómìnà New Jersey àti New York dì í mú, wọ́n ní àwọn adójútòfò kò gbọ́dọ̀ yọ owó náà.

Ìrànwọ́ ìjọba wà, àmọ́ ilé tí ènìyàn ń gbé yípo ọdún ló wà fún. Nígbà náà, owó tó pọ̀ jù tí FEMA lè fún ìdílé kan jẹ́ dọ́là 31,900. Ètò RREM tí New Jersey bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2013 lè fún onílé nígbà náà ní tó dọ́là 150,000 láti fi tún ilé kọ́ tàbí láti fi gbé e sókè. Ilé ìsinmi kò sí nínú rẹ̀, kódà bí ìran mẹ́ta bá ti jọ lò ó. Àwọn ọmọ tó jogún irú ilé bẹ́ẹ̀ ní láti pàdé, kí wọ́n dá owó jọ, tàbí kí wọ́n ra ìpín ara wọn. Ibi tí orúkọ bàbá tó ti kú bá sì ṣì wà lórí ìwé ilé, ọ̀rọ̀ ogún gbọ́dọ̀ parí ná kí ẹnikẹ́ni tó lè fọwọ́ sí ìwé kankan. Owó ńlá tí àwọn onílé mú lọ́wọ́ tún fa àwọn gbájú-ẹ̀. Àwọn agbaṣẹ́ṣe kan gba owó ìṣáájú, wọ́n wó ògiri, wọn ò sì padà wá. Àwọn tó gbọ́n ń yẹ ìwé àṣẹ agbaṣẹ́ṣe wò, wọn kì í sì í sanwó ju iye iṣẹ́ tó ti parí lọ.

Gbígbé ilé sókè

Òfin kan ló ń pinnu bóyá àtúnṣe lásán tó tàbí kò tó. Bí owó tí wọ́n fẹ́ fi tún ilé ṣe bá tó ìdajì iye tí ilé náà tó kí ìjì tó dé, tí ó sì wà ní agbègbè tí omi máa ń kún, onílé kò lè tún un ṣe bó ṣe wà. Ó gbọ́dọ̀ gbé e ga ju gíga tí àwòrán ilẹ̀ FEMA sọ pé omi lè dé. Ìkún omi tí wọ́n fi díwọ̀n rẹ̀ ni èyí tí ọdún kọ̀ọ̀kan ní ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún láti rí. Ó lè dún bí ohun tó jìnnà, àmọ́ láàárín ọgbọ̀n ọdún tí ènìyàn fi ń san owó ilé, ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́rin pé yóò rí i, ó kéré tán, lẹ́ẹ̀kan.

Chris Christie, gómìnà New Jersey nígbà náà, fọwọ́ sí àwòrán ilẹ̀ tuntun tí FEMA gbé jáde ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2013, kí àwọn onílé lè mọ bí wọn yóò ṣe kọ́lé. Àwòrán náà fa agbègbè tí ìgbì ti lè kan ilé wọ ìgboro gan-an. Nígbà tó di oṣù kẹfà, òmíràn jáde tó dín agbègbè náà kù. Ọgbọ́n ọdúnnìí, wèrè ẹ̀míì: ẹni tó tètè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ná ju bó ṣe yẹ lọ, ẹni tó dúró sì lo oṣù mẹ́fà nínú ilé àyálégbé.

Iṣẹ́ gbígbé ilé fúnra rẹ̀ ní ètò. Wọ́n á kọ́kọ́ gé páìpù omi, ti gáàsì àti wáyà iná kúrò lára ilé. Wọ́n á lu ihò sára ìpìlẹ̀, wọ́n á ki irin gígùn gba abẹ́ ilé kọjá láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, wọ́n á sì to jáàkì sábẹ́ irin náà. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló ń ti òróró sínú gbogbo jáàkì lẹ́ẹ̀kan náà, kí igun kan má bàa ga ju èkejì lọ kí ògiri sì sán. Bí ilé bá ti ga díẹ̀, wọ́n á to igi onígun mẹ́rin ní méjì méjì lórí ara wọn, tí ìlà kan dá ìkejì lábùú, kí ó lè gbé ilé náà dúró. Wọ́n á tún jáàkì tò, wọ́n á tún gbé e. Ilé tó ti wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ láti ọdún 1950 á wá wà lókè bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kò kan ilẹ̀ mọ́.

Ohun tí wọ́n kọ́ sábẹ́ rẹ̀ dá lórí ibi tó wà. Lẹ́bàá ọ̀sà, níbi tí omi kàn máa ń dìde, wọ́n lè fi búlọ́ọ̀kù ṣe ògiri, àmọ́ ògiri náà gbọ́dọ̀ ní ojú ihò tí omi lè gbà wọlé kó sì gbà jáde. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ íǹṣì onígun mẹ́rin kan fún ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan tí ilé náà fẹ̀. Létí òkun, níbi tí ìgbì ti ń kọ lù, orí òpó gígùn tí wọ́n gún wọ ilẹ̀ nìkan ni ilé lè dúró sí, wọ́n sì lè ní láti sún ilé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ẹ̀rọ tó lè gún òpó. Ògiri tí wọ́n bá fi dí abẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ìgbì lè gbá lọ láìfa ilé lọ́wọ́. Ètò ìdójútòfò ìkún omi lè fi tó dọ́là 30,000 kún owó gbígbé ilé sókè, èyí kì í sábàá tó. Fún arúgbó tó ní orúnkún dídùn, àtẹ̀gùn mẹ́rìndínlógún sí ẹnu ọ̀nà jẹ́ ìṣòro mìíràn, ìdí sì nìyí tí àwọn ilé kan fi ní ẹ̀rọ agbéniròkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ báyìí.

Títa ilé fún ìjọba

Àwọn ibì kan wà tí gbígbé ilé sókè kò ràn. New Jersey ní ètò kan tó ń jẹ́ Blue Acres, tó ti wà láti ọdún 1995, tí ìjọba fi ń ra ilé tí omi ń dààmú. Lẹ́yìn Sandy, iye tí ilé tó kí ìjì tó dé ni wọ́n ń san. Ẹni tó bá wù ú ló ń tà. Kò sí tipátipá. Wọ́n á wó ilé náà, ilẹ̀ rẹ̀ á sì di ti gbogbo ìlú títí láé, kí ó lè máa gba omi. Sayreville, lẹ́bàá odò, wà lára ìlú tó kọ́kọ́ jàǹfààní rẹ̀. Ní Oakwood Beach, ní Staten Island, àwọn ará àdúgbò ló para pọ̀ bẹ ìjọba New York pé kí ó ra gbogbo ilé wọn.

Bí àwọn onílé àdúgbò kan bá jọ kúrò ni ètò yìí ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Bí ilé mẹ́ta bá kù láàárín ilẹ̀ òfìfo, ìlú ṣì gbọ́dọ̀ máa tún títì wọn ṣe, kí ó sì máa gbé páìpù omi dé ọ̀dọ̀ wọn. Létí òkun gan-an, níbi tí ilẹ̀ ti wọ́n jù, ètò náà kò fi bẹ́ẹ̀ rí ẹni tó fẹ́ tà. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká gbígbé ilé sókè níbẹ̀, olówó ló ń tà á fún. Olówó á wó ilé oníyàrá méjì, á kọ́ alájà mẹ́ta sórí òpó. Bí àwọn àdúgbò kan ṣe pàrọ̀ onílé nìyẹn.

Dídá iyanrìn padà

Etíkun tó fẹ̀ ló ń mú kí ìgbì fọ́ níbi tó jìnnà sílé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni òkìtì iyanrìn wà, tó dúró bí ilé ìṣúra: bí ìjì bá dé, ìgbì á jẹ òkìtì náà kó tó kan ilé, iyanrìn tó jẹ á sì dúró sínú omi tí kò jìn, níbi tí ìgbì pẹ̀lẹ́ á ti máa dá a padà díẹ̀díẹ̀. Ibi tí kò bá sí òkìtì, omi á gbá iyanrìn gba àárín ilé kọjá lọ sí ọ̀sà. Lẹ́yìn Sandy, iyanrìn bo títì bíi yìnyín. Wọn kò gbé e dànù. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi sẹ́ ìṣó, gíláàsì àti pákó kúrò nínú rẹ̀ kí wọ́n tó dá a padà sétí òkun. Iṣẹ́ dídí ibi tí òkun là ní Mantoloking ṣáájú gbogbo rẹ̀, torí títì kò lè kọjá bí ibẹ̀ kò bá dí.

Ìjì náà fi hàn kedere bí òkìtì ṣe wúlò tó. Ní Midway Beach, níbi tí àwọn ará àdúgbò ti fi ọ̀pọ̀ ọdún gbin koríko tí wọ́n sì ń tọ́jú òkìtì wọn, omi òkun kò gbá ilé wọn bí ó ṣe gbá ti Ortley Beach tí kò jìnnà síbẹ̀. Ní Bay Head, ògiri òkúta kan wà tí wọ́n tò ní ọdún 1882, tí iyanrìn ti bò mọ́lẹ̀ débi pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kò rántí rẹ̀ mọ́. Ìjì gbá iyanrìn orí rẹ̀ lọ, ògiri náà sì yọ. Ilé kan ṣoṣo ló run nínú àwọn tó dojú kọ òkun ní ìlú yẹn. Ní Mantoloking tó fẹ̀gbẹ́ kàn án, tí kò ní irú ògiri bẹ́ẹ̀, ó lé ní ìdajì àwọn ilé tó dojú kọ òkun tó bàjẹ́ gidi tàbí tó lọ. Ohun tí ìpínlẹ̀ náà rí nìyí tí wọ́n fi gún irin pẹlẹbẹ wọ ilẹ̀ láti Mantoloking dé Brick, ní gígùn tó nǹkan bíi máìlì mẹ́rin, tí wọ́n sì fi iyanrìn bò ó.

Àwọn tó ń bójú tó iṣẹ́ òkìtì ńlá ni Army Corps of Engineers, ẹ̀ka onímọ̀ ẹ̀rọ iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà. Ọkọ̀ ojú omi kan á fa iyanrìn láti ìsàlẹ̀ òkun, páìpù á tì í wá sétí ilẹ̀ pẹ̀lú omi, katapílà á sì gbá a jọ. Kí iṣẹ́ náà tó lè bẹ̀rẹ̀, onílé etí òkun gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n gba orí ilẹ̀ òun. Ọ̀pọ̀ kọ̀: wọ́n ní òkìtì á dí òkun mọ́ wọn lójú, tàbí pé gbogbo ènìyàn á sọ iwájú ilé àwọn di ọjà. Ní Harvey Cedars, ilé ẹjọ́ ti kọ́kọ́ ní kí ìlú san dọ́là 375,000 fún ìdílé kan tí òkìtì dí òkun mọ́ lójú. Ní oṣù keje ọdún 2013, ilé ẹjọ́ gíga jù ní New Jersey yí ìdájọ́ náà padà. Ó ní bí wọ́n bá ń ṣírò ohun tí onílé pàdánù, kí wọ́n ṣírò ààbò tí òkìtì fún ilé rẹ̀ pẹ̀lú. Dọ́là kan ni wọ́n fi parí ẹjọ́ náà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, gómìnà pàṣẹ pé kí ìpínlẹ̀ gba àyè tí wọn kò bá fún un pẹ̀lú agbára òfin. Síbẹ̀, ọdún 2017 ni iṣẹ́ tó tó bẹ̀rẹ̀ láti Manasquan dé Barnegat, máìlì 14, níbi tí ọ̀pọ̀ òkìtì náà ga dé ẹsẹ̀ bàtà 22.

Òkìtì tí kò ní koríko, atẹ́gùn á gbé e lọ. Koríko etíkun tí orúkọ ìjìnlẹ̀ rẹ̀ ń jẹ́ Ammophila breviligulata ni wọ́n ń gbìn sí i. Láti oṣù kẹwàá títí di oṣù kẹrin ni wọ́n ń gbìn ín, ìgbà tí iyanrìn tutù tí yìnyín kò sì dì í. Ọ̀pá koríko méjì tàbí mẹ́ta ló ń wọ ihò kan, íǹṣì 18 sì ló wà láàárín ihò kan sí èkejì. Iyanrìn tó bá bo koríko yìí mọ́lẹ̀ kì í pa á. Ńṣe ló máa ń mú kí ó ta gbòǹgbò tuntun, kí ó sì gun òkè. Ẹsẹ̀ ènìyàn ló ń pa á. Ọ̀nà kékeré kan tí àwọn ọmọ bá gbà kọjá lójoojúmọ́ tó láti ṣí àyè fún atẹ́gùn, ibẹ̀ sì ni omi á gbà nígbà ìjì. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ṣe afárá pákó gba orí òkìtì, tí wọ́n sì ń fi ọgbà onípákó pẹlẹbẹ dá iyanrìn dúró. Bí iyanrìn bá bo ọgbà náà, wọ́n á ri òmíràn sórí rẹ̀. Láwọn ìlú kan, igi Kérésìmesì tí ọdún ti lọ lórí rẹ̀ ni wọ́n ń tò síbẹ̀ fún iṣẹ́ kan náà.

Ìtọ́jú

Iṣẹ́ yìí kì í parí. Òkun ń jẹ iyanrìn tí wọ́n dà sílẹ̀, Army Corps sì ti ṣètò pé láti Manasquan dé Barnegat, nǹkan bí ọdún mẹ́rin mẹ́rin ni kí wọ́n máa dà á kún fún àádọ́ta ọdún. Òkun etí New Jersey ti ga sókè tó íǹṣì 18 láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ó lé ní ìlọ́po méjì bó ṣe ga káàkiri ayé, nítorí ilẹ̀ ibẹ̀ fúnra rẹ̀ ń rì díẹ̀díẹ̀. Gíga tó tó fún ilé ní ọdún 2013 lè má tó láìpẹ́, èyí ló fà á tí òfin ìkọ́lé ibẹ̀ lẹ́yìn Sandy fi béèrè, ó kéré tán, ẹsẹ̀ bàtà kan lórí gíga tí àwòrán ilẹ̀ sọ.

Ti onílé ni pé kí ó máa san ìdójútòfò ìkún omi lọ́dọọdún, kódà bí ìkún omi kò bá tíì kan ẹnu ọ̀nà rẹ̀ láti ìgbà pípẹ́, nítorí ìwé tuntun kì í sábàá ṣiṣẹ́ kí ọgbọ̀n ọjọ́ tó pé. Kí ó tọ́jú ìwé tí wọ́n fi wọn gíga ilé rẹ̀, torí ó lè dín owó ìdójútòfò náà kù. Kí ó má dí ojú ihò tó wà lára ògiri ìsàlẹ̀, kí ó má sọ abẹ́ ilé di yàrá ẹrù, kí ó sì ya fọ́tò inú ilé lọ́dọọdún kí ìjì tó dé, kí ó fi ẹ̀dà kan sọ́dọ̀ ẹbí tó ń gbé níbòmíràn.